Ẹ Bi Wá, Ẹ Gbọ́ Èsì: Mínísítà Tí Ọ̀rọ̀ Ìrẹsì Lé Kúrò Nípò, àti Ìbéèrè Yín Lórí Kábínẹ́ẹ̀tì Japan

Ẹ̀yin èèyàn wa ní Òṣogbo àti àyíká ẹ̀, ẹ kú ìkàlẹ̀ o. Lóṣù tó kọjá mo kàn fẹnu bà á níbí ni pé ní ìlú Japan kì í pẹ́ kí wọ́n tó pa mínísítà dà, mi ò mọ̀ pé ọ̀rọ̀ náà máa wọ àwọn èèyàn lára tó báyìí. Àtẹ̀jíṣẹ́ ti ń wọlé láti Òkè-Fìà, láti Ìgbọ̀nà, láti Ọjà Ọba, àní láti Abẹ́rẹ́ níbi tí àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba wà. Mo ti mú díẹ̀ nínú wọn, ẹ jẹ́ ká jọ yẹ̀ ẹ́ wò.

Ìbéèrè, láti ọ̀dọ̀ bàbá kan tó fẹ̀yìn tì nídìí iṣẹ́ olùkọ́, Òkè-Fìà: Ẹ kú iṣẹ́. Ṣé ìjọba ibẹ̀ ń dà rú ni tí wọ́n fi ń pa mínísítà dà lọ́dọọdún? Lọ́dọ̀ tiwa, bí ààrẹ bá ti yọ mínísítà, a mọ̀ pé nǹkan ti bàjẹ́ nìyẹn.

Bàbá wa, ẹ ṣé gan-an. Kò dà rú o. Ẹ wo Abe Shinzo, ọkùnrin yẹn wà lórí àga olóòtú ìjọba láti December 2012 títí di September 2020, kò tíì sẹ́ni tó pẹ́ tó o níbẹ̀ rí ní Japan, síbẹ̀ ó tún kábínẹ́ẹ̀tì ẹ̀ tò lọ́dún 2014, 2015, 2016, 2017, 2018 àti 2019. Ọdọọdún ni. Ẹni tí ìjókòó ẹ̀ le jù lọ náà ló ń pa wọ́n dà jù, torí náà ọ̀rọ̀ náà ò lè jẹ́ ọ̀rọ̀ ìdàrúdàpọ̀.

Ohun tó wà níbẹ̀ ni pé páátì kan ló ń ṣe ìjọba ibẹ̀ látìgbà pípẹ́, Jiyu-Minshuto lorúkọ ẹ̀, 1955 ni wọ́n dá a sílẹ̀, ọdún tí kò sí lórí oyè látìgbà yẹn ò pọ̀ rárá. Fún ọ̀pọ̀ ọdún, kí èyí tó pọ̀ jù nínú wọn tó tú ká lọ́dún 2024, inú páátì ọ̀hún pín sí igun-igun, igun kọ̀ọ̀kan ló ní olórí tiẹ̀, ó ní owó tiẹ̀, ó sì ní orúkọ àwọn tí oyè kàn. Ẹ ṣáà mọ bí ilé ọlọ́ba ṣe ń rí, tí ìdílé yìí á jẹ tán, táwọn ìdílé yòókù á ní ó ti kàn wá. Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni. Ọmọ ilé aṣòfin tó bá ti wọlé ìbò lẹ́ẹ̀marùn-ún tàbí ẹ̀ẹ̀mẹfà tí kò tíì ṣe mínísítà rí, wọ́n ní orúkọ tí wọ́n ń pe irú wọn, àwọn tó ń dúró de kábínẹ́ẹ̀tì, àwọn ìwé ìròyìn ibẹ̀ a sì máa ka iye wọn. Olóòtú ìjọba tí kò bá fún igun wọn lóyè, òun náà mọ̀ pé lọ́jọ́ tí wọ́n bá fẹ́ yan olórí páátì, wọn ò ní dìbò fún òun. Ní September 13, 2023, nígbà tí Kishida Fumio tún tiẹ̀ tò, mínísítà mọ́kàndínlógún ni wọ́n, mọ́kànlá nínú wọn ni kò jókòó síbẹ̀ rí. Èmi ò rò pé ó rí àṣìṣe lọ́wọ́ àwọn tó kúrò. Oyè ló pín.

Torí náà, bàbá, bẹ́ ẹ bá gbọ́ pé wọ́n tún ti tún kábínẹ́ẹ̀tì tò ní Tokyo, ẹ kọ́kọ́ bèèrè bóyá ti pínpín ni àbí ti ẹ̀ṣẹ̀. Ohun tí èmi fúnra mi máa ń wò ni ẹni tó jáde, kí ló lé e? Ẹni tó wọlé ò já mọ́ nǹkan kan lójú mi tó ìyẹn.

Ìbéèrè, láti ọ̀dọ̀ ìyá tó ń ta ìrẹsì, Ọjà Ọba: Ọmọ mi ló kà á fún mi pé wọ́n lé mínísítà kan torí ìrẹsì. Ṣé òótọ́ ni? Kí ni mínísítà ń fi ìrẹsì ṣe?

Ìyá mi, ẹ kú ọjà o, ọjà á tà. Òótọ́ ni, àní òun gan-an ni mo ṣe fẹ́ kọ ìwé tòní. Eto Taku lorúkọ ọkùnrin náà, òun ni mínísítà tó ń rí sí ọ̀rọ̀ àgbẹ̀ nígbà tí Ishiba Shigeru jẹ́ olóòtú ìjọba.

Ẹ jẹ́ kí n fi ti ọdún yẹn yé yín ná. Ìrẹsì lọ́dọ̀ wọn kì í ṣe oúnjẹ ọjọ́ Sunday, òun ni oúnjẹ gan-an, bí ẹ̀bà àti ẹ̀kọ ṣe jẹ́ fún wa. Nígbà tó máa fi di May 2025, àpò kékeré kílò márùn-ún ti kọjá 4,000 yen, ìyẹn fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìlọ́po méjì iye tó wà lọ́dún kan ṣáájú. Oòrùn ọdún 2023 ti mú ìrẹsì inú oko, kóró ẹ̀ ò dáa, nígbà tó wá di August 2024 ìjọba kìlọ̀ pé ilẹ̀ lè mì tìtì, kálukú bá sáré lọ kó ìrẹsì pamọ́ sílé, ilé ìtajà gbẹ. Kẹ́ ẹ sì wá fi kún un pé fún ọ̀pọ̀ ọdún, títí di 2018, ìjọba ibẹ̀ fúnra ẹ̀ ló ń sanwó fún àgbẹ̀ pé kí wọ́n má gbin ìrẹsì pọ̀, kí owó ẹ̀ má bàa já wálẹ̀. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń ta á mọ̀ pé ọjà tí kò bá ti sí lẹ́yìn, ìwọ̀nba èyí tó wà níta yẹn ló máa gun orí òkè.

Inú ìnira yẹn làwọn èèyàn wà. Sunday, May 18, Eto lọ sí ìpàdé páátì wọn ní Saga, ó dìde, ó ń sọ̀rọ̀, ó ní òun ò tíì fowó ra ìrẹsì rí, pé àwọn alátìlẹ́yìn òun ń gbé e wá fún òun débi pé òun lè máa tà á.

Ìyá mi, ẹ ṣe bí ẹni ń wo ọ̀dọ̀ yín níbẹ̀ yẹn. Obìnrin tó dúró níwájú igbá yín láàárọ̀, tó ka owó ẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, tó tún un kà, tó ní kẹ́ ẹ wọn kóńgò kan dípò méjì, tójú ẹ̀ ò kúrò lára ọwọ́ yín bẹ́ ẹ ṣe ń fọwọ́ gbá orí kóńgò, kó lè mọ̀ bóyá ẹ jẹ́ kó ga díẹ̀. Kí irú obìnrin bẹ́ẹ̀ délé, kó tan tẹlifíṣọ̀n, kó gbọ́ mínísítà ìrẹsì pé òun ò rà á rí. Ẹyin lọ̀rọ̀. Inú bí gbogbo ìlú. Eto tọrọ àforíjì, ó ní ìyàwó òun pàápàá bá òun wí, pé ìyàwó òun sọ fún òun pé bí èyí tí wọ́n fún àwọn bá tán, òun a máa lọ ra ìrẹsì. Aráàlú ò gbà. May 21, ó kọ̀wé fipò sílẹ̀. Ọjọ́ mẹ́ta.

Mo fẹ́ kẹ́ ẹ mọ ohun kan sí i, torí ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà ju èje lọ. Ishiba ò kọ́kọ́ fẹ́ kó lọ o. Ohun tó jẹ́ kó lọ ni pé nínú ìbò October 27, 2024, páátì Ishiba àti àwọn tí wọ́n jọ ń ṣe ìjọba ò ní iye tó ju ìdajì mọ́ nínú ilé aṣojú-ṣòfin, ìyẹn ilé tí wọ́n ti jẹ́ 465, àwọn alátakò sì ti ń múra láti dìbò pé àwọn ò fọkàn tán mínísítà náà. Bí wọ́n bá dì í, ó máa wọlé, ìtìjú ńlá sì ni. Ìbínú aráàlú dáa, àmọ́ ìbò tí aráàlú ti dì sílẹ̀ láti oṣù méje sẹ́yìn ló fún ìbínú yẹn léyín.

Koizumi Shinjiro ni wọ́n fi rọ́pò ẹ̀, ọmọ Koizumi tó ṣe olóòtú ìjọba láti 2001 dé 2006. Ìrẹsì wà nínú àká ìjọba, èyí tí wọ́n tọ́jú pamọ́ de ọjọ́ ìyàn, àwọn tó ṣáájú ẹ̀ ń gbé e jáde bíi gbàǹjo, ẹni tówó ẹ̀ bá pọ̀ jù ló ń gbé e, kò wá tètè dé ọ̀dọ̀ ẹni tó ń jẹ ẹ́. Koizumi ní rárá, ó tà á tààrà fáwọn ilé ìtajà ńláńlá ní iye tí wọ́n jọ fohùn sí, kó tó di ìparí oṣù May náà àpò kílò márùn-ún ti wà lórí àtẹ ní nǹkan bí 2,000 yen, àwọn èèyàn tò síwájú ṣọ́ọ̀bù kílẹ̀ tó mọ́. Mi ò sọ pé ó yanjú gbogbo ẹ̀. Ìrẹsì àká ti pẹ́ nílẹ̀, kì í ṣe tuntun, àgbẹ̀ náà sì ní ẹ̀dùn ọkàn tiwọn. Ṣùgbọ́n ìyàtọ̀ hàn láàárín ọ̀sẹ̀ díẹ̀, gbogbo ẹni tó ń lọ sọ́jà ló rí i.

Ìbéèrè, láti ọ̀dọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì kan: Ẹ̀gbọ́n, ta ló ń yẹ mínísítà wò níbẹ̀? Ṣé àwọn sẹ́nétọ̀ náà ń sọ fún wọn pé kí wọ́n tẹríba kí wọ́n máa lọ?

Àbúrò mi, kò sírú ẹ̀. Òfin ìlú wọn, èyí tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní May 3, 1947, sọ ọ́ ní abala 68 pé olóòtú ìjọba ló ń yan mínísítà, òun ló sì lè yọ wọ́n bó bá ṣe wù ú. Kò ní láti kó orúkọ lọ fún ẹnikẹ́ni. Àmọ́ òfin yẹn náà dè é lọ́wọ́: ó kéré tán, ó gbọ́dọ̀ ju ìdajì wọn lọ tó jẹ́ ọmọ ilé aṣòfin, ní ti gidi sì rèé, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ gbogbo wọn. Ti wa níbí yàtọ̀ pátápátá, nínú òfin ọdún 1999 tiwa, ọmọ ilé aṣòfin tó bá gba mínísítà ti fi ìjókòó ẹ̀ sílẹ̀ nìyẹn, ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan sì gbọ́dọ̀ ní mínísítà kan ó kéré tán. Ṣé o wá rí i, nígbà tí Ààrẹ Tinubu tún tiẹ̀ tò ní October 23, 2024, tó yọ márùn-ún, tó sún mẹ́wàá kúrò níbi tí wọ́n wà, tó sì fi orúkọ méje tuntun ṣọwọ́, àwọn méje yẹn ní láti lọ jókòó níwájú ilé aṣòfin àgbà kí wọ́n tó ṣe ohunkóhun.

Bó o bá ní bàbá àgbà tó ṣì wà láyé, bi í léèrè bí ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn ṣe rí nígbà tí Awólọ́wọ̀ jẹ́ prẹ́míà, ti Japan ò jìnnà sí i. Mínísítà ń jókòó nínú ilé, àwọn alátakò ń wò ó lójú, wọ́n ń bi í ní ìbéèrè, bó bá sì di ọjọ́ ìbò ó máa padà lọ sí abúlé ẹ̀ lọ bẹ àwọn èèyàn. Èmi fẹ́ràn ìyẹn. Mínísítà tí kò bẹ ẹnikẹ́ni kó tó dé ibẹ̀, ó ṣòro kó tó bẹ̀rù ẹnikẹ́ni.

Kí n tó kúrò níbẹ̀, ìtàn kan wà tí mo fẹ́ kó o mọ̀. August 2005, Koizumi bàbá fẹ́ tú ilé aṣòfin ká kí wọ́n lọ dìbò tuntun lórí ọ̀rọ̀ ilé ìfìwéránṣẹ́ tó fẹ́ sọ di ti àdáni. Ìpinnu kábínẹ́ẹ̀tì níbẹ̀, gbogbo wọn ló gbọ́dọ̀ fọwọ́ sí i, ẹnì kan ò gbọ́dọ̀ yẹ̀. Shimamura Yoshinobu tó jẹ́ mínísítà àgbẹ̀ ní òun ò fọwọ́ sí i. Koizumi lé e lójú ẹsẹ̀, ó gbé ipò náà lé ara ẹ̀ lórí, ó wá fọwọ́ sí i lórúkọ mínísítà àgbẹ̀, ó tú ilé ká. Ní September 11, páátì ẹ̀ gba ìjókòó 296. Ibi tí agbára abala 68 yẹn lè dé nìyẹn.

Ìbéèrè, láti ọ̀dọ̀ télọ̀ kan ní Ìgbọ̀nà: Mo rí fọ́tò tí wọ́n tò sórí àtẹ̀gùn, gbogbo ọkùnrin wọ kóòtù gígùn kan náà. Ṣé aṣọ ẹgbẹ́ ni?

Ojú télọ̀ lo fi wò ó lóòótọ́, ó dùn mọ́ mi. Kì í ṣe aṣọ ẹgbẹ́, kóòtù àárọ̀ ni wọ́n ń pè é, èyí tí ẹ̀yìn ẹ̀ gùn tí iwájú ẹ̀ gé, aṣọ ààfin ni, torí láti ọ̀dọ̀ Ọba wọn ni wọ́n ti ń bọ̀. Bó ṣe máa ń lọ nìyí: láàárọ̀ ọjọ́ yẹn olóòtú ìjọba á gba ìwé ìfipòsílẹ̀ gbogbo mínísítà, lẹ́yìn náà wọ́n á bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ fóònù pe àwọn tuntun. Ẹni tó ń retí á ti wọ kóòtù jókòó sí ọ́fíìsì ẹ̀, tẹlifíṣọ̀n á ti gbé kámẹ́rà dúró dè é, fóònù á wà lórí tábìlì níwájú ẹ̀, bí kò bá dún títí, gbogbo ìlú ló rí i. Àwọn tí wọ́n bá pè á lọ sí ààfin, wọ́n á gba ìwé níwájú Ọba, kí wọ́n tó padà wá tò sórí àtẹ̀gùn tí wọ́n tẹ́ kápẹ́ẹ̀tì pupa sí. Àwọn ará ibẹ̀ ní orúkọ kan tí wọ́n ń pe ìtò yẹn, orúkọ àtẹ tí wọ́n máa ń to bèbí sí lóṣù March fún ọdún àwọn ọmọbìnrin, torí aṣọ pupa ni wọ́n ń tẹ́ sábẹ́ bèbí náà.

Ìbéèrè, láti ọ̀dọ̀ nọ́ọ̀sì kan, Ayétòrò: Àwọn obìnrin dà nínú fọ́tò yẹn? Mi ò rí wọn.

Àǹtí mi, wọn ò pọ̀ lóòótọ́, ó sì ń dùn mí. Iye tó pọ̀ jù tó tíì wọ kábínẹ́ẹ̀tì kan náà ni márùn-ún, Koizumi ṣe é lọ́dún 2001, Abe ṣe é ní September 2014, Kishida náà ṣe é lọ́dún 2023. Ti Abe yẹn, méjì nínú àwọn márùn-ún, Obuchi Yuko àti Matsushima Midori, ọjọ́ kan náà ni wọ́n fipò sílẹ̀, October 20, 2014, wọn ò lò tó oṣù méjì. Ẹ̀sùn lórí owó ẹgbẹ́ alátìlẹ́yìn ẹ̀ ló lé Obuchi, ti Matsushima sì jẹ́ abẹ̀bẹ̀ onípépà tó pín fáwọn olùdìbò, tí òfin ibẹ̀ kà sí ẹ̀bùn. Abẹ̀bẹ̀ o, Àǹtí! Ti Kishida ló dùn mí jù. Bí wọ́n ṣe ń yìn ín pé obìnrin márùn-ún, ọjọ́ méjì lẹ́yìn ẹ̀ ló yan àwọn igbá-kejì mínísítà àtàwọn tó tẹ̀ lé wọn, mẹ́rìnléláàádọ́ta ni wọ́n, kò sí obìnrin kankan níbẹ̀. Ibẹ̀ yẹn ni wọ́n ti ń kọ́ iṣẹ́ mínísítà. Ní October 21, 2025, Takaichi Sanae di obìnrin àkọ́kọ́ tó ṣe olóòtú ìjọba Japan, ó fi Katayama Satsuki sí ìṣúná, obìnrin ò ṣe é rí, àmọ́ obìnrin méjì péré ló wà lára àwọn mínísítà tó yàn lọ́jọ́ yẹn.

Ìbéèrè, láti ọ̀dọ̀ òṣìṣẹ́ ìjọba kan, Abẹ́rẹ́: Ṣé pípa mínísítà dà yìí ń gba ìjọba là? Àti pé ṣé iṣẹ́ ò bàjẹ́?

Àárín èmi àti ẹ, kì í sábà gbà á là. December 14, 2023, Kishida pa mínísítà mẹ́rin dà lẹ́ẹ̀kan náà, gbogbo àwọn mẹ́rin yẹn igun Abe ni wọ́n ti wá, akọ̀wé àgbà kábínẹ́ẹ̀tì gan-an wà níbẹ̀. Ọ̀rọ̀ owó ni. Igun wọn ń ta tíkẹ́ẹ̀tì pátì ìkówójọ, ẹni tó bá tà kọjá iye tí wọ́n ní kó tà, wọ́n á dá èlé yẹn padà fún un, wọn ò sì ní kọ ọ́ sínú ìwé. Kishida rò pé bí òun bá ti yọ wọ́n á parí, kò parí, ní August 2024 ó ní òun ò ní díje mọ́, ó sì lọ.

Ní ti iṣẹ́, àwọn òṣìṣẹ́ irú tìẹ ló ń gbé e. Mínísítà tó bá lo ọdún kan péré, kó tó mọ ibi tí ìwé wà, ọdún ti pé. Àwọn tó jókòó sí iléeṣẹ́ náà fún ogún ọdún ni wọ́n mọ bó ṣe ń lọ, wọ́n á kọ èsì fún un, á kà á nínú ilé. Àwọn kan ní ìyẹn dáa, pé òun ni kì í jẹ́ kí iná kú. Èmi ò gbà tán. Bí olórí bá ń lọ tó ń bọ̀ bẹ́ẹ̀, ta la máa bi nígbà tí nǹkan bá bàjẹ́?

Mo mọ ohun tí mò ń sọ. Ìwé owó ìfẹ̀yìntì màmá mi wà ní ọ́fíìsì ìjọba kan tí mi ò ní dárúkọ, ọ̀gá mẹ́ta ló ti jókòó síbẹ̀ lójú mi. Èyí àkọ́kọ́ ní ká mú fọ́tò pásípọ́ọ̀tù wá, a mú un wá. Èkejì ní kò sí fọ́tò nínú fáìlì. Nígbà tí ẹ̀kẹta dé, wọ́n ní fáìlì gan-an la máa kọ́kọ́ wá. Obìnrin kan wà níbẹ̀ tó ti ń ṣiṣẹ́ ní yàrá fáìlì látìgbà àkọ́kọ́, ó dìde, ó wọ ìsàlẹ̀ kọ́bọ́ọ̀dù lọ, ó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ pẹ̀lú aṣọ iṣẹ́ ẹ̀, ó ń ṣí wọn lọ́kọ̀ọ̀kan títí ó fi rí i, eruku bò ó, fọ́tò màmá mi méjèèjì wà nínú ẹ̀ pẹ̀lú píìnì tó ti dípẹtà. Kò gba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ mi. Orúkọ ẹ̀ ò sí lára ilẹ̀kùn kankan níbẹ̀.